Bírò Pupa Dé Lomé

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́, Ìbàdàn

Àpò mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Gàrí wà nínú ọ̀kan, èlùbọ́ wà níbẹ̀, ata gígún wà níbẹ̀, àfi bí ẹni pé wọn kì í jẹun ní Tógò. Àbíkẹ́yìn mi ń wò mí, kò wí nǹkan kan. Ó ti wọ 300-level ní ẹ̀ka Faransé, ọdún yìí sì ni wọ́n máa ń kúrò ní kíláàsì lọ gbé níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà. Abúlé Faransé ní Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Òun ní Lomé lòun fẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í léèrè ìdí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Àgbádárìgì ni Mọ́mì lọ." Ilé pa lọ́lọ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ó di ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Faransé ní ilé-ìwé girama n'Íbàdàn. Bírò pupa mi ti fagi lé "j'ai allé" lẹ́gbẹ̀rún ọ̀nà. Ẹ jí mi lóru, màá to ọ̀rọ̀-ìṣe "s'asseoir" fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ní yà á. Ṣùgbọ́n mi ò sùn mọ́jú rí ní ìlú tí wọ́n ti ń fi Faransé ná tòmátì. Èmi ni màá sin ọmọ lọ. Bàbá rẹ̀ ní kí n má gbàgbé láti padà wá.

Ọjọ́ Ajé, Àgbádárìgì

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. Ọ̀nà Mile 2 sí Àgbádárìgì, ẹni tó bá ti gbà á rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá tíì gbà á, kó máa dúpẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé. À bá ti kọjá sí Benin lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ní kí a sùn síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ rí Àjàrà, ibi tí Abúlé Faransé wà.

Àwọn tó ṣáájú wa ní yunifásítì, ilẹ̀ Faransé gan-an ni àwọn kan nínú wọn ń lọ fún ọdún yẹn, àwọn mìíràn lọ sí Dakar. Náírà ṣì lẹ́nu nígbà náà. SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀ bí àgbọn tó gbó, owó tí wọ́n fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè òkun kò gbé e dé pápákọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá Abúlé Faransé sílẹ̀ ní Àjàrà ní 1991: bí a kò bá lè kó àwọn ọmọ lọ bá èdè, kí á gbé èdè wá bá wọn nílé. Irú rẹ̀ wà fún Lárúbáwá ní Ngala, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọdún 1994 ni èmi lọ sí ti Àjàrà.

Kí n má purọ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Faransé lẹ́nu ẹni tí kò mú ìwé dání. Wọ́n kọ́ wa, a sì gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwa la ṣe ara wa. A pọ̀, a sì mọ ara wa jù. Lọ́sàn-án, bonjour, tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹnì kan bá dá àpárá, Yorùbá ti gba yàrá nìyẹn, àwọn ọmọ Ìgbò á sì máa fi tiwọn rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì. Kò sí ohun tí a fẹ́ tí a kò lè fi èdè tiwa tọrọ. Ebi kò pa wá ní Faransé rí.

A dúró lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ọgbà náà, ọmọ ya fọ́tò. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹ fi Faransé rà?" Mo ronú títí. Mi ò rí ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àjàṣẹ́

Ọmọ Nàìjíríà kì í gba físà wọ Benin tàbí Tógò. Ọjọ́ 90 ni ECOWAS fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò wá ìwé ìgbélùú. Pásípọ́ọ̀tù la mú dání, pẹ̀lú káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ibodè tí a kọjá nínú ìrìn-àjò yìí, mi ò ní sọ èwo, ọ̀gbẹ́ni kan gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní, "Maman, il manque quelque chose." Nǹkan kan ṣẹ́kù. Mo mọ ohun tó ṣẹ́kù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tíṣà tó wà nínú mi ló dáhùn: "Et que manque-t-il, monsieur?" Mo gbé e kalẹ̀ létòlétò, ìbéèrè yíyí-sódì, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún SS2. Ọ̀gbẹ́ni wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ah! Maman a fait l'école!" Màmá ti kàwé! Ó dá káàdì padà, kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ ní, "Mọ́mì, Faransé yín ti rí iṣẹ́ ṣe o." Inú mi dùn títí a fi wọ mọ́tò. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ni ìṣẹ́gun mi kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ náà.

A ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò. Mi ò ní sọ iye tó wá, kí ẹ má baà bá mi sunkún. Ohun tí òbí tó ń mú ọmọ lọ sápá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé wọ́n so sẹ́fà mọ́ owó euro, 655.957 sí euro kan, kì í kúrò níbẹ̀. Tiwa ló ń sáré. Owó ilé tí wọ́n dá lé ọ lónìí ní sẹ́fà, iye yẹn náà ni yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ lójú onílé, ṣùgbọ́n lójú rẹ o lè má dá a mọ̀ mọ́. Ẹni tó bá lágbára, kó san ti ọdún kan pọ̀.

Àjàṣẹ́ lórí máàpù ni Porto-Novo, olú-ìlú Benin. A dé ọ̀dọ̀ ìbátan ọkọ mi, màmá àgbà kan tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àjàṣẹ́, wọ́n sì ní "ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu ọ̀nà" kí n tó sọ àpò kalẹ̀. Gbogbo Faransé tí mo ti tò sẹ́nu láti ibodè, mo gbé e mì. Yorùbá ni láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àdògán. Lọ́sàn-án wọ́n mú wa lọ wo mọ́sálásí ńlá tí àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ kọ́. Ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà gẹ́lẹ́, àfi pé ìmáàmù ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́ kan wà nílé, kò ju ọmọ tèmi lọ. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gùn, Faransé ló fi ka gbogbo ìwé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá. Ó fẹ́ lọ sí Nàìjíríà lọ kọ́ ọ, torí níbi iṣẹ́ tó ń tọrọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Mo ní, Olúwa ló ṣe é: Faransé wà lọ́wọ́ eléyìí, Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ tèmi, ẹ máa pààrọ̀. Wọ́n wọ yàrá. Mo fetí sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn títí di aago mọ́kànlá. Yorùbá ni. Ọ̀rọ̀ irun, ọ̀rọ̀ fóònù, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan. Faransé kò rí ibi jókòó, Gẹ̀ẹ́sì náà kò rí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọmọ mi mọ ohun tó ń sọ nígbà tó ní Lomé. Ọmọ Yorùbá tó bá lọ kọ́ Faransé ní Àjàṣẹ́, ní Ṣàkẹ́tẹ́ tàbí ní Kétu, inú ilé bàbá rẹ̀ ló lọ.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ kí a tó sùn. Aládùúgbò kan wọlé, Ìyá Àjàṣẹ́ fi Faransé kí i: "Ah, ça fait deux jours!" Ọmọ yọ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí pé ṣé ọjọ́ méjì péré ni wọn kò rí ara wọn. Mo ti fẹ́ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí aládùúgbò tó ní oṣù márùn-ún lòun fi wà ní Parakou. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta! Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Wọ́n kàn fi ọjọ́ kan dín in. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pupa ni.

Ọjọ́rú, Kútọnu sí Lomé

Ọ̀nà yìí dùn ju tiwa lọ. Epo inú ìgò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, pupọ̀ rẹ̀ tiwa ló sọdá. Ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémi wọ yẹ́lò lọ bẹẹrẹ.

Ọmọkùnrin kan láti apá Oǹdó jókòó tì wá nínú mọ́tò tó ń lọ sí Lomé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní yunifásítì aládàáni kan ní Kútọnu, ọdún mẹ́ta. Mo gbìyànjú láti bá a sọ Faransé, ó sì fọwọ́ bojú. Ó ní, "Mà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Ní hóstẹ̀lì, Yorùbá àti Ìgbò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gẹ̀ẹ́sì." Nígbà tí mọ́tò dúró tí ó fẹ́ ra omi, ìka ló nà sí i. Ọdún mẹ́ta!

Mi ò bá a wí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń dùn ún. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ ìjẹ́rìísí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré gba dìgírì ní Kútọnu, tó sì fi í wọ iṣẹ́ agùnbánirọ̀ láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ọmọ yìí lọ sí kíláàsì, ó fi ẹ̀rí ìdánwò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹni tó ra tirẹ̀ àti ẹni tó jókòó kà á, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́. Mo bi í pé, bí ó bá tiẹ̀ gbọ́ Faransé ńkọ́? Ó ní, "Ìyẹn nìkan ni kò bá ṣeé purọ́, mà." Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Hillacondji ni ibodè Benin àti Tógò. Aago mẹ́ta la dé ibẹ̀. A sọdá, ó di aago méjì. Wákàtí kan la fi ṣáájú wọn. Ọmọ ní kí n má dá aago ọwọ́ mi padà, kí n lè mọ ìgbà tí Dádì ń jẹun.

Láti Aného, òkun wà lápá òsì, àgbọn wà léteetí rẹ̀, afárá irin gígùn tí wọ́n fi ń kó fọ́sífétì sínú ọkọ̀ ojú omi wà ní Kpémé. A wọ Lomé ní ìrọ̀lẹ́. Mo yan awakọ̀ takisí kan tó dàgbà díẹ̀, mo tún ọ̀fun ṣe, mo ní: "Bonsoir monsieur, auriez-vous l'amabilité de nous conduire à Tokoin?" Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ lè fi inúure yín gbé wa dé Tokoin? Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ sìnkú rẹ̀. Ó ní, "Maman, tu vas où?" Màmá, níbo lò ń lọ? Ọmọ mi ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá: "Tonton, Tokoin, c'est combien?" "Deux mille." "Ah non, tonton, mille." Wọ́n pàdé sí ẹgbẹ̀rún kan lé ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Gbólóhùn kan kò pé nínú gbogbo rẹ̀, àpò mẹ́ta sì ti wọ búùtù.

Bí mo ṣe ń wọlé sí mọ́tò, mo gbá orúnkún mọ́ ilẹ̀kùn. Awakọ̀ ní, "Doucement, maman." Ó bí mi nínú. Èmi tí mo farapa, ó ń sọ fún mi pé kí n rọra! Mo fajú ro dé ibi tí à ń lọ. Nígbà tí mo rò fún ọmọ ló ní, "Mọ́mì, 'ẹ pẹ̀lẹ́' ni wọ́n sọ fún yín." Pẹ̀lẹ́. Rọra rìn, pẹ̀lẹ́. O kú ìrora, pẹ̀lẹ́. Tiwa náà, ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọkùnrin náà ti ń kẹ́dùn pẹ̀lú mi láti ìgbà yẹn, èmi sì ń gbé imú sókè sí i.

Ọjọ́bọ̀, Yunifásítì Lomé

1970 ni wọ́n dá yunifásítì yìí sílẹ̀, Université du Bénin ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka ibi tí àjèjì ti ń kọ́ Faransé nínú rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Village du Bénin. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, Tógò ni.

Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Mo yọ bírò nínú báàgì mi fún ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Akọ̀wé ní, "Ah non, pas de rouge, maman." Wọn kì í fi pupa kọ fọ́ọ̀mù. Kò sí bírò mìíràn nínú báàgì mi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò kí wọ́n lè mọ kíláàsì tí yóò bọ́ sí: ó kọ ìwé, ó fetí sí rédíò, ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ojúkojú. B1. Ọmọ tó ní A nínú gírámà láti ọdún kìíní! Àkàbà mẹ́fà ló wà, A1, A2, B1, B2, C1, C2, B2 sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Faransé ń béèrè kí wọ́n tó gbani wọlé. Mo ní kí n rí ẹni tó dán an wò. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan jáde, ó ṣàlàyé fún mi, ó yára, mo ní kó tún un sọ. Ìkọ̀wé ọmọ yìí dára púpọ̀, ó ní. "Elle écrit comme un notaire." Ó ń kọ̀wé bí lọ́yà tó ń kọ ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sí i, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú orí rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ.

Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Mi ò béèrè.

Mo jókòó sábẹ́ igi, mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ìdánwò DELF B2, apá mẹ́rin ni: gbígbọ́, kíkà, kíkọ, sísọ, 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 50 nínú 100 ni ẹni tó yege ń gbà, ṣùgbọ́n bí apá kan bá wọ ìsàlẹ̀ 5, ó ti bọ́ nìyẹn, ì báà gba 25 nínú ìkọ̀wé. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í kú. Ti TCF, ìdánwò Faransé mìíràn, ọdún méjì péré. Etí ló kù, mo sọ fún un. Ó ní, "Mo mọ̀, mà. Ìdí tí mo fi ní a ò ní lọ sílé Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn."

A ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti Ìbàdàn. Èmi ti bá màmá kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń tajà ní ọjà Assigamé láti bí ọgbọ̀n ọdún. Yàrá wà nílé rẹ̀, ó mọ́, kò jìnnà, wọ́n ń se ọbẹ̀ tí ẹnu ọmọ mi mọ̀. Bí ibà bá mú un lóru, ẹni tó máa gbọ́ "inú ń run mí" wà níbẹ̀. Kí ni ìyá tún ń wá? Ọmọ ní, "Tí mo bá sùn níbẹ̀, Mọ́mì, mo tún lọ sí Àgbádárìgì nìyẹn." Mo ní kò gbọ́dọ̀ tún sọ Àgbádárìgì sí mi lẹ́nu mọ́.

A lọ bá màmá náà ní ìsọ̀ rẹ̀, mo rò pé yóò bá mi dá sí i. Wọ́n gbọ́ tẹnu wa tán, wọ́n ń ká aṣọ nìṣó. "Ọmọ yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ," wọ́n ní. "Àwọn tí mo bí níbí, Ewe, èdè ibí, ni wọ́n fi ń bá mi jà. Mo ti gbọ́ ọ tipátipá." Wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn kan lórí fóònù, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Tógò, tó ní yàrá kan tó ṣófo ní Tokoin. Ewe ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà. Mo jókòó lórí àpótí láàárín ọjà, ọjọ́ iwájú ọmọ mi ń lọ lórí mi, mi ò gbọ́ ju "akpé" lọ, ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Ẹtì, Lomé

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ṣáájú mi ní Àjàrà, ọmọ Ṣakí, ògbufọ̀ ni wọ́n nísinsìnyí. Ìpàdé gbé wọn wá sí Lomé, wọ́n ní kí a wá jẹ ayimolou, ìrẹsì àti ẹ̀wà bíi wàkíyé, ní ẹ̀gbẹ́ títì.

Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọ́n ní inú àpótí onígíláàsì ni, ẹni méjì ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀, ẹnì kan á sọ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èkejì á gbà á, torí ọpọlọ kò lè máa gbọ́ kó sì máa sọ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó sinmi kì í sùn. Nọ́ńbà àti orúkọ ló ń kọ sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Orí nọ́ńbà ni wọ́n ti ń ṣubú jù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òun kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù quatre-vingts bí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ òun: ogún mẹ́rin kọ́ ni ọgọ́rin? Ibi tó ti dàrú ni aadọ́rùn-ún: Faransé ní ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá, àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti kọ́ ọmọ ní Faransé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mi ò fi ọgọ́rin ṣàlàyé quatre-vingts fún ẹnikẹ́ni rí. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Èdè ògbufọ̀, A, B, C ni wọ́n ń tò ó: A ni èyí tó jẹ́ tìẹ gan-an, B ni èyí tí o lè túmọ̀ sínú rẹ̀, C ni èyí tí o gbọ́ ṣùgbọ́n tí o kì í sọ níbi iṣẹ́. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sí A, Faransé sí B. Ọmọ ní, "Yorùbá ńkọ́, sà?" Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. "Wọn kò bi mí." Wọ́n gbé ṣíbí padà.

Buea ní Kamẹrúùnù ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí yunifásítì elédè méjì, kó lọ sí Yaoundé: olùkọ́ kan á wọlé, á fi Faransé kọ́ni, èyí tó tẹ̀lé e á fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ á fi èyí tó bá wù ú dáhùn ìdánwò. Ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Faransé ló pọ̀ jù nínú ìjókòó náà, àwọn olùkọ́ àti lọ́yà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀hónú hàn ní 2016, ọ̀rọ̀ sì di ogun ní agbègbè tí Buea wà. Wọn kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè òbí: ṣé iṣẹ́ wà? Wọ́n ní díẹ̀ ni ògbufọ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹnì kan ń ṣe kílíárìn ní èbúté Lomé, ẹnì kan wà ní báńkì. Ìlú yìí ni orílé-iṣẹ́ Ecobank wà, báńkì ìdókòòwò ECOWAS wà níbí, ọkọ̀ òfuurufú ASKY ń ti ibí fò. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ. "Wo ọmọ tó ń ta omi yẹn. Faransé rẹ̀ dára ju tìẹ lọ, ju ti Àǹtí yìí náà lọ." Èmi ni Àǹtí. "Ní Lomé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ ni wọ́n máa sanwó fún. Ní Abuja, Faransé rẹ. O ò gbọ́dọ̀ ta ọjà níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gbìn ín. Lọ kọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ìṣirò owó, òfin, ohun tó bá wù ọ́. Tó o bá sì lè gbọ́ Potogí, a jẹ́ pé o ti gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ECOWAS fi ń ṣèpàdé."

Ọmọ kọ Potogí sílẹ̀, ó fà á lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń ṣírò iye tí ìyẹn yóò tún jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Tokoin

Àpò méjì la kó dé ilé nọ́ọ̀sì. Èyí tí gàrí àti èlùbọ́ wà nínú rẹ̀, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí ọmọ máa wá jẹun ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

"Bonne arrivée!" ni màmá nọ́ọ̀sì fi gbà wá. Ẹ kú àbọ̀. Wọ́n bu àkàsù àgbàdo, wọ́n da adémè sí i. Ọmọ tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ là: "Mọ́mì, ewédú!" Ó yọ̀ bí ewédú, àfi pé akàn wà nínú rẹ̀, èyí tí mi ò fi sí tèmi rí.

Ọmọ ń sọ "vous, maman, vous." Màmá nọ́ọ̀sì wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n wo tòsì. "Vous? Je suis combien?" Àwọn ni mélòó? Wọ́n ní ìyá kì í jẹ́ vous nílé àwọn. Ojú ọmọ wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo ń kọ́ wọn láti JSS1 ni pé vous ni ẹ, tu ni o. Báwo ni ọmọ tí mo tọ́ yóò ṣe máa pe ìyá onílé tó ti tó ọmọ àádọ́rin ọdún ní "o"? Ó gbìyànjú. "Tu... maman, tu..." Bí ó ṣe sọ ọ́ ni eékún rẹ̀ ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Màmá nọ́ọ̀sì rò pé nǹkan ló ń wá nílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, lójú ọ̀nà

Mi ò sunkún ní páàkì. Ẹkún ti tán ní balùwẹ̀ láàárọ̀.

Hillacondji tún dé, aago mẹ́wàá di mọ́kànlá. Obìnrin kan jókòó tì mí, ó ń ṣòwò aṣọ láàárín Lomé àti Kútọnu. A ti kọjá Grand-Popo nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn ni ọmọ fi ránṣẹ́, Faransé ni látòkèdélẹ̀: ó ní òun ti bá wọn lọ sọ́jà, wọ́n rẹ́ òun jẹ lórí tòmátì, òun bá wọn jà, wọ́n dá igba sẹ́fà padà. Ó yára ju bó ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Àṣìṣe mẹ́ta ni mo kà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní ìparí tí mi ò gbọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé fóònù sí etí obìnrin oníṣòwò náà.

Ó ní Faransé kọ́ nìyẹn, Ewe ni. "Mia dogo." A ó tún pàdé.

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Bírò pupa ni mo nà sí i.